Ọ̀nà Abúlé Ti Dára: Báwo La Ṣe Máa Mọ Ohun Tó Yí Padà?

Bí wọ́n bá tún ọ̀nà abúlé kan ṣe tán, ohun tí ìjábọ̀ iṣẹ́ sábà máa ń sọ ni iye kìlómítà tí wọ́n ṣe, iye afárá tí wọ́n kọ́ àti iye owó tí wọ́n ná. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe nìyẹn. Kò tíì sọ bóyá aboyún ń tètè dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, bóyá owó tí àgbẹ̀ ń rí lórí àpò àgbàdo rẹ̀ ti pọ̀ sí i, tàbí bóyá olùkọ́ ń wá síṣẹ́ lọ́jọ́ òjò. Àwọn yẹn la fẹ́ wọ̀n. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àjọ aládàáni tàbí akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má ṣe béèrè pé, “Kí ló yí padà lẹ́yìn tí ọ̀nà dé?” Ẹ béèrè pé, “Kí ló yí padà tí kò ní yí padà ká ní ọ̀nà ò dé?” Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, owó àwọn àgbẹ̀ á gòkè, ọ̀nà ì báà dára, ì báà bàjẹ́. Ẹni tó bá ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọ̀nà ti gbé oore òjò fún kátápílà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn

Kí ẹ tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ya ẹ̀wọ̀n náà sórí ìwé. Ọ̀nà tó dára ń dín àkókò ìrìn àjò kù, ó sì ń dín iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ò lè kọjá kù. Ìyẹn ló yẹ kó mú kí ọkọ̀ pọ̀ sí i, kí owó ọkọ̀ sì wálẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá wálẹ̀, iye tí aláròóbọ̀ ń san lóko yẹ kó gòkè, kí owó ajílẹ̀ àti ọjà inú abúlé sì dín kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó tó ń wọlé fún ìdílé, lílọ ilé ìwé àti lílo ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé e. Ẹ wá nǹkan kan tí ẹ lè kà tàbí tí ẹ lè wọ̀n fún oríkèé kọ̀ọ̀kan ẹ̀wọ̀n yìí.

Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé èsì kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní abúlé 15 ní Etiópíà, tó jáde lọ́dún 2009, rí i pé ọ̀nà tó ṣeé gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn mú kí ìdá àwọn tálákà dín kù ní 6.9 nínú 100. Ní Íńdíà, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan fún ọ̀nà ìgbèríko lọ́dún 2000, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2020 rí i pé ohun tó yí padà jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ń kúrò nídìí iṣẹ́ oko lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 4 lẹ́yìn tí ọ̀nà dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyípadà nínú irè oko, nínú dúkìá tàbí nínú ohun tí ìdílé ń ná. Bó bá jẹ́ owó tó ń wọlé nìkan lẹ wọ̀n, tó sì dúró sójú kan, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ̀wọ̀n náà ti já.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá abúlé àfiwé

Abúlé àfiwé ni abúlé tó jọ tiyín ní gbogbo ọ̀nà àmọ́ tí wọn ò tíì tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó le nìyí, torí pé wọn kì í ṣàdéédéé tún ọ̀nà ṣe. Bí kò bá jẹ́ ibi tí òwò ti ń gbèrú tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ ìlú ẹni tó wà nípò. Àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ì bá tẹ̀ síwájú láìsí ọ̀nà.

Mẹ́ta ni ọ̀nà àbáyọ tó wọ́pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ lo àwọn abúlé tó wà lórí ìwé ètò kan náà àmọ́ tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sí i ni iṣẹ́ máa tó kàn wọ́n. Ohun tó mú kí wọ́n yan tàkọ́kọ́ ló mú kí wọ́n yan tiwọn náà. Èkejì ni kí ẹ wò ó bóyá ètò náà ní ààlà iye èèyàn. Ní Íńdíà, ètò náà fi àwọn abúlé tí èèyàn ibẹ̀ pé 1,000 ṣíwájú, lẹ́yìn náà ló kan àwọn tó pé 500. Abúlé tó ní èèyàn 490 àti èyí tó ní 510 kò yàtọ̀ síra, àmọ́ ọ̀kan wà nínú ètò, èkejì ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fọwọ́ ara yín so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì: iye èèyàn, bí ìlú tó ní ọjà ṣe jìnnà tó, irè oko tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀, àti bí ọ̀nà wọn ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe mú abúlé tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun náà ṣe àfiwé. Àwọn ará ibẹ̀ á máa lo ọ̀nà náà, ìyàtọ̀ á sì kéré lójú yín. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: bí àwọn alájàpá bá pa ọjà abúlé àfiwé tì torí pé ọ̀nà tuntun ti dára jù, abúlé àfiwé á rẹ̀yìn, ìyàtọ̀ á wá dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ẹ yan ibi tí àwọn ará ibẹ̀ kò ti ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú abúlé tí wọ́n tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Abúlé mélòó, ìdílé mélòó?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú abúlé 4, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìdílé 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rò pé 400 ti pọ̀ tó. Kò pọ̀ tó, torí pé òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí àwọn ará abúlé kan, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ti ìdílé mẹ́wàá, ti ìkọkànlá ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ìdá 50 nínú 100 ìdílé ló kó irè oko lọ sọ́jà ìlú ní àsìkò ìkórè tó kọjá, ẹ sì fẹ́ lè dá a mọ̀ bó bá gòkè dé ìdá 60. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti rí ìyàtọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tí ẹ sì gbà kí ewu àtirí ohun tí kò sí má ju 5 nínú 100 lọ, nǹkan bí ìdílé 385 lẹ nílò lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá àwọn abúlé tó rí ọ̀nà àti apá àwọn abúlé àfiwé. Àmọ́ ìyẹn jẹ́ bó bá ṣe pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti wá. Bí ẹ bá mú ìdílé 15 ní abúlé kan, ẹ fi 385 lọ́po 1 + (15 − 1) × ρ. Lẹ́tà ρ dúró fún bí àwọn ará abúlé kan náà ṣe jọra tó. Bó bá jẹ́ 0.1, èyí tó máa ń wáyé dáadáa nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà, a ó rí 2.4, ìyẹn ìdílé 924, tàbí abúlé 62 lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dín ìdílé kù sí 8 ní abúlé kan, 1.7 la ó rí, ìyẹn ìdílé 655 nínú abúlé 82. Ìdílé dín kù gan-an, abúlé ló pọ̀ sí i. Ẹ wo èyí tí owó epo àti owó òṣìṣẹ́ yín lè gbé.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba abúlé 5 kọjá lẹ ń wọ̀n, ẹ má fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ìṣirò yìí. Ẹ wọn owó ọkọ̀, iye ọjọ́ tí ọ̀nà ṣeé gbà àti iye ọkọ̀ dáadáa, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi kún un.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọn ìpìlẹ̀ kí kátápílà tó dé

Ìpìlẹ̀ ni bí nǹkan ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kódà, kí ìkéde tó jáde ló dára jù kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé ọ̀nà ń bọ̀, owó ilẹ̀ á fò sókè, àwọn kan á ti máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wọn ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ti ka apá kan èsì mọ́ ìpìlẹ̀.

Ẹ kọ oṣù tí ẹ lọ sílẹ̀, torí oṣù yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ padà lọ nígbà tó bá yá. Ẹni tó wọn ìpìlẹ̀ nínú ọ̀wọ́n oúnjẹ tó wá padà lọ lásìkò ìkórè ti fi iṣu tuntun wé èyí tó ti tán nínú àká. Ẹ fi GPS gba ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù olórí ìdílé àti ti ìbátan méjì tí kì í gbé inú ilé náà. Ọ̀nà tó dára ń mú kí èèyàn ṣí lọ, àwọn tó ṣí lọ sì lè jẹ́ àwọn tí ọ̀nà náà ràn lọ́wọ́ jù. Bí ẹ ò bá lè tọpasẹ̀ wọn, èsì yín á wọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀

Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí ọ̀nà ò ṣeé gbà nínú ọdún. Ẹ fún ẹnì kan ní abúlé ní ìwé, kó máa sàmì sí ọjọ́ tí ọkọ̀ èrò ò lè kọjá àti ọjọ́ tí alùpùpù náà ò lè kọjá. Ìwọ̀n yìí kò náni lówó, òun ló sì máa ń ṣàlàyé èsì jù lọ.

Ìkejì ni bí ojú ọ̀nà ṣe gbún tó. IRI (International Roughness Index) ni ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ọ̀nà ń lò, mítà lórí kìlómítà kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà ṣe gbún tó. Nínú ìṣirò tí Báńkì Àgbáyé fi ń mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ tó 6, ọ̀nà erùpẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tó 13. Áàpù wà lórí fóònù tó lè fojú díwọ̀n rẹ̀ bí ẹ bá so fóònù mọ́ inú ọkọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, eré kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípírìngì ọkọ̀ lẹ ń wọ̀n.

Ìkẹta ni kíka ọkọ̀. Ọjọ́ 7 léraléra, kí ọjọ́ ọjà wà nínú wọn, wákàtí 12 lójúmọ́, kí ẹ sì ka odidi wákàtí 24 lọ́jọ́ kan tàbí méjì. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ kà á lójò. Ẹ má jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìlú, torí ọkọ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju inú ọ̀nà lọ fíìfíì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ka mọ́tò nìkan. Ẹ ka ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ru ẹrù, kẹ̀kẹ́, alùpùpù àti ẹran tó ń fa ẹrù. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé, àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá béèrè bí ọ̀nà ṣe súnmọ́ àwọn èèyàn tó, ìwọ̀n tí ayé mọ̀ ni ìdá àwọn ará ìgbèríko tó ń gbé láàárín kìlómítà 2 sí ọ̀nà tó ṣeé gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Òun ni ìwọ̀n 9.1.1 nínú àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Tàwòrán ilẹ̀ tàkọsílẹ̀ iye èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣọ́ra fún odò. Máàpù á ní kìlómítà 1 péré ni, odò tí kò ní afárá á sì ti sọ ọ́ di 9.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó ọkọ̀ àti iye ọjà

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa wọ̀n dáadáa, òun nìyí. Ibi yìí ni ẹ̀wọ̀n náà sábà máa ń já.

Ẹ béèrè iye tí èrò kan ń san àti iye tí wọ́n ń gbà lórí àpò kìlógíráàmù 50, láti abúlé dé ọjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí iye táwọn méjèèjì á dá kì í bára mu. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ máa gbà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò ló máa ń kọ́kọ́ dín kù bí ọ̀nà bá ti dára. Ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀rùn nìkan lè sọ pé ọ̀nà ò ṣe nǹkan kan.

Owó ọkọ̀ lè máà wálẹ̀ rárá. Bí àwọn awakọ̀ bá kéré tí wọ́n sì ti fẹnu kò sórí iye kan, tàbí bí ẹgbẹ́ wọn kì í bá jẹ́ kí àjèjì kó èrò, àpò àwọn awakọ̀ ni àǹfààní ọ̀nà á wọlé sí. Nítorí náà, ẹ ka iye àwọn tó ń gbé èrò àti ẹrù, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lè mú ọkọ̀ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lórí iye ọjà, ẹ gba iye tí àgbẹ̀ rí lóko àti iye tí wọ́n ń ta irè kan náà lọ́jà ìlú lọ́jọ́ kan náà. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ ń wò. Ẹ tún gba iye ajílẹ̀ àti iye nǹkan díẹ̀ tí gbogbo ilé ń rà, bí iyọ̀ àti ọṣẹ. Ẹ gbé ìwọ̀n dání. Apẹ̀rẹ̀ tàbí agbọ̀n tí wọ́n ń lò lóko àti èyí tí wọ́n ń lò lọ́jà lè jọra lójú, kí ọ̀kan sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju èkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdílé

Ìdílé ni àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníwàádìí yín, kí wọ́n má baà máa ka agboolé.

Àgbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ iye tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó mọ̀ ọ́n náà kì í fẹ́ sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ná ni kí ẹ béèrè: oúnjẹ ọjọ́ 7 tó kọjá, pẹ̀lú èyí tí wọ́n mú wá láti oko, ọṣẹ, owó ọkọ̀ àti owó fóònù ọjọ́ 30, aṣọ, owó ilé ìwé àti owó ìtọ́jú oṣù 12. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe kún un, torí ìyípadà lè hàn nínú irú iṣẹ́ kó tó hàn nínú owó.

Ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Pípọn omi àti wíwá igi kì í gba orí títì, ipa ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà tuntun lè mú kí ọkọ tètè dé láti ọjà, kí ẹrù orí ìyàwó má sì fi ìwọ̀nba kan fúyẹ́. Ẹ béèrè wákàtí tí ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹni tó rìn ín àti ohun tó rù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ilé ìwé àti ilé ìwòsàn

Ẹ má gba iye ọmọ tó wà nínú ìwé orúkọ. Ẹ lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ ka orí àwọn ọmọ àti olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì, lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìwé girama ni kí ẹ wò jù, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí, ti girama ló máa ń jìnnà.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ ka iye ìbímọ tó wáyé níbẹ̀ lóṣù, iye ìgbà tí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára dé abúlé, àti iye ọjọ́ tí oògùn tán. Lọ́dọ̀ ìdílé, ẹ béèrè iye wákàtí tó gbà wọ́n láti dé ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì níbi tí ọ̀nà gbé wọn dé, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ ka òfò pẹ̀lú

Ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣáájú, torí eré máa ń pọ̀ sí i níbi tí àwọn ọmọdé ti ń rìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eruku, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aláìní, igbó tí wọ́n gé, àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọjà ìlú lé kúrò nídìí iṣẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá kì í kún ní ìgbèríko, ìdílé ni kí ẹ bi bóyá ẹnikẹ́ni fara pa lójú ọ̀nà láàárín oṣù 12.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ padà lọ, kí ẹ ṣírò

Ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti iye ọkọ̀ á ti yí padà. Owó ìdílé àti ilé ìwé máa ń gba ọdún 2 sí 3, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lílọ kan ní ọdún karùn-ún ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀nà erùpẹ̀ tí wọn ò bá tọ́jú lè ti padà di bó ṣe wà, kí àǹfààní sì bá a lọ.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká sọ pé ní abúlé tó rí ọ̀nà, ìbímọ ní ilé ìwòsàn gòkè láti 40 sí 58 nínú 100. Ní abúlé àfiwé, ó gòkè láti 42 sí 51. Ìyípadà ti àkọ́kọ́ jẹ́ 18, ti ìkejì jẹ́ 9. Ohun tí ẹ lè gbé fún ọ̀nà ni 18 − 9, ìyẹn 9, kì í ṣe 18. Èyí dúró lórí pé apá méjèèjì ì bá jọ máa lọ bákan náà ká ní ọ̀nà ò dé. Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ ọdún méjì sí mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n jọ ń lọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tún pín èsì sí ti àwọn tó wà láàárín kìlómítà 2, láàárín 2 sí 5, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì ya tálákà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ní alùpùpù.

Ìgbésẹ̀ 11: Sísọ ọ́ di owó

Bí ọ̀gá bá ń béèrè bóyá owó tí wọ́n ná mú èrè wá, ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní ni kí ẹ ṣírò owó àti àkókò tí àwọn tó ń lo ọ̀nà fi pamọ́. Fún ọkọ̀ tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ ka gbogbo ohun tó fi pamọ́. Fún ìrìn tuntun tí ọ̀nà náà ló fà á, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kà. Irinṣẹ́ ìṣirò RED (Roads Economic Decision Model) tí Báńkì Àgbáyé ṣe wà fún ọ̀nà tí ọkọ̀ bíi 50 sí 200 ń gbà lójúmọ́. Ìkejì ni kí ẹ ṣírò èrè tó kún ti àgbẹ̀ lórí irè oko. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá ro owó ọkọ̀ tó dín kù pọ̀ mọ́ iye irè tó gòkè lóko, tó tún wá fi owó ilẹ̀ tó fò sókè lé e, ti ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Owó ọkọ̀ tó wálẹ̀ ló di iye irè tó gòkè, iye irè tó gòkè ló sì di owó ilẹ̀.

Bí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà kò bá tó 50 lójúmọ́, ìṣirò owó ọkọ̀ nìkan á fi í hàn bí òfò. Níbẹ̀, ẹ pín gbogbo owó iṣẹ́ fún iye èèyàn tó bọ́ nínú ìdígàgá òjò, tàbí fún ìbímọ tó kún ní ilé ìwòsàn, kí ẹ wá fi ọ̀nà kan wé èkejì. Nínú ìròyìn yín, ẹ fi iye owó ìtọ́jú ọdọọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti orúkọ ọ́fíìsì tó máa san án.